Àjọ Lẹ́nu Ààlà: Ìtàn Ìgbìyànjú Àwọn Ènìyàn Láti Dá Ọrọ̀ Ajé Ara Wọn Dúró

Ẹni tí ó bá ti Àpápá ń bọ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀ ní ìlú Èkó yóò kọjá níbi tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Boundary. Orúkọ Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ àdúgbò náà tí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí: ààlà ni. Ní ìhà kan ni Àpápá wà, pẹ̀lú èbúté ọkọ̀ òkun, ilé iṣẹ́ ńláńlá, àgbá epo, àti àwọn òpópónà tí ìjọba fi okùn wọ̀n kí ilé kan tó dìde létí wọn. Ní ìhà kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà, níbi tí ilé ti ṣáájú òpópónà dé, tí Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá sì jọ ń gbé ní ojúlé kan náà. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, ààlà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àpápá wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Ajégúnlẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà, ní agbára láti la ọ̀nà kí ó sì pín ilẹ̀ ní Àpápá; agbára náà kò kọjá ààlà.

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwúre. Àwọn tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ń wí pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Òtítọ́ sì ni pé ajé gúnlẹ̀, nítorí pé èbúté tí ó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ni kí ajé gúnlẹ̀ sí ìtòsí ènìyàn, ohun mìíràn ni kí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ń ru ẹrù ní èbúté ń gba owó ọjọ́. Ẹni tí ó ni èbúté ń gba owó lórí gbogbo ẹrù tí ó bá sọ̀. Bí a bá yẹ ìtàn wò, a ó rí i pé kì í ṣe àìsí owó ni ó kọ́kọ́ ń sọ àwùjọ di aláìní, bí kò ṣe àìní àṣẹ lórí orísun owó. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa sì ti ń wá àṣẹ yìí nípa òwò àjùmọ̀ṣe, èyí tí a kò dá sílẹ̀ nítorí èrè ẹnì kan, bí kò ṣe kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Díẹ̀ nínú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò níhìn-ín, kí a lè mọ ohun tí ó gbé wọn ró àti ohun tí ó gbé wọn ṣubú.

Ilẹ̀ Àpápá

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá fún ìlò ìlú. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìtọ́jú Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ìtanràn dé, ilé ẹjọ́ ní Èkó wí pé kì í ṣe Olúwa ni ó ni ilẹ̀ náà ní tòótọ́, pé ẹ̀tọ́ àbójútó lásán ni ó ní lórí rẹ̀, àti pé ìwọ̀nba owó tí ó bá ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ mu ni kí a san. Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun, òun àti Herbert Macaulay sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba tí ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre: ilẹ̀ náà jẹ́ ti gbogbo àwùjọ, olóyè sì ni olùtọ́jú tí ó dúró fún wọn, nítorí náà kí a san iye ilẹ̀ ní pípé. £22,500 ni owó tí ó ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ẹjọ́ yìí. Èkínní ni pé òfin àwọn Òyìnbó pàápàá gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jùmọ̀ ní ohun ìní kan, kí olórí wọn má sì jẹ́ ju olùtọ́jú lọ. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì pé a kọ ọ́ sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ẹ̀kejì korò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdájọ́ náà kò dá ilẹ̀ padà. Iye rẹ̀ ni ó dá padà. Ní 1926 àwọn ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ èbúté tuntun ní Àpápá, láti ìgbà náà sì ni èbúté ti ń pa owó wọlé lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ni a san owó ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orísun sílẹ̀ tí ó gba owó lórí rẹ̀, bí owó náà ti wù kí ó pọ̀ tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ná an tán.

Èsúsú àti Àjọ

Kí báńkì tó dé ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń fi owó kékeré ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ohun ńlá. Bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, a ní àáró, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, a sì ní ọ̀wẹ̀, tí àna àti ọ̀rẹ́ ń bá ni ṣe. Èsúsú ni àáró tí a fi owó ṣe. Bí ogún ènìyàn bá ń dá iye kan náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn yóò kó o lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o jẹ́ ẹni tí àwọn yòókù yá lówó láìgba èlé. Ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn jẹ́ ẹni tí ó fi owó pamọ́. Ètò kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, kò sì sí àjèjì tí ń jẹ èrè láàrin.

Ohun tí ó wà nínú ewu nígbà náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn nígbà àtijọ́ lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí ó máa sin olówó títí yóò fi san gbèsè náà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró fún èlé, kò sì dín gbèsè kù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní èsúsú ní ilẹ̀kùn mìíràn tí ó lè kàn kí ó tó kan ilẹ̀kùn olówó èlé. Samuel Johnson mẹ́nu kan èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom sì kọ àròkọ lé e lórí ní 1952. Àwọn ẹrú tí a kó kọjá òkun gbé e lọ pẹ̀lú wọn. Títí di òní ni wọ́n ń pè é ní susu ní Trinidad, tí wọ́n sì ń pè é ní asue ní Bahamas. A gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, a gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ètò yìí kù, nítorí pé kò ní ilé tí ènìyàn lè wó, kò sì ní àpótí tí ènìyàn lè fọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé láàrin àwọn tí ó mọ ara wọn ni gbogbo olú-owó rẹ̀.

Àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Alájọ ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ó sì ń sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, yóò dá owó padà, yóò sì mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ètò yìí wúlò fún àwọn oníṣòwò kéékèèké tí wọn kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ tò ní báńkì. Àléébù rẹ̀ sì hàn gbangba: nínú èsúsú olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹnì kejì, ṣùgbọ́n nínú àjọ ojoojúmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé ẹnì kan tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá sá lọ, ó gbé oṣù kan nínú òógùn gbogbo wọn lọ. A ó tún rí àléébù yìí, ní aṣọ mìíràn, níwájú.

Àwọn Àgbẹ̀ Agége

Ní 1907, ní Agége tí kò jìnnà sí Èkó, àwọn olóko kòkó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Agege Planters' Union. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ẹni tí a tún mọ̀ nínú ìdásílẹ̀ Ìjọ Áfíríkà ní 1901, ni aṣáájú wọn. Oníṣòwò Èkó ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ti rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó ń gba òwò mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n yíjú sí oko, wọ́n sì ń wá bí wọ́n yóò ṣe jùmọ̀ tọ́jú irè wọn kí wọ́n sì jùmọ̀ tà á.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó pẹ́ jù lọ nínú iṣẹ́ wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹgbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti òkè wá ṣe lébìrà ní oko Agége kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń sá a. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n gbé irúgbìn àti ìmọ̀ náà lọ sí Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó di olóko kòkó ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ ń bẹ láàrin iṣẹ́ tí ń fún ènìyàn ní owó ọjọ́ nìkan àti iṣẹ́ tí ń sọ lébìrà di olóko.

Láti Gbedun dé Báńkì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Rochdale, ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ahunṣọ wà nínú wọn, ṣí ìsọ̀ kan ní oṣù December 1844. Wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà fún ara wọn, olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ ní ìbò kan bí owó rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, wọ́n sì ń pín èrè gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti rà sí. Láti ibẹ̀ ni òye ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti tàn ká ayé. Ìjọba amúnisìn mú un wá sí ilẹ̀ wa nípasẹ̀ C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà. Ìwé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì tẹ̀ lé e ní 1935. Ní 1937 ni a forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti Gbedun, nítòsí Ìbàdàn, sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò le láti yé ni. Àgbẹ̀ tí ó dá nìkan wà ń ta kòkó fún alágbàtà tí ó ti yá a lówó kí irè tó jáde, nítorí náà iye tí alágbàtà bá pè ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbẹ̀ abúlé kan bá pa kòkó wọn pọ̀, tí wọ́n bo ó kí ó jinná dáadáa, tí wọ́n sá a gbẹ, kòkó wọn yóò dára ju ti ọjà lọ, yóò sì pọ̀ tó èyí tí wọ́n lè tà láìsí alágbàtà. Èrè tí ó kù ni wọ́n ń pín. Orúkọ alájẹṣẹ́kù bá a mu: a jẹ nínú rẹ̀, a sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀la.

Àwọn ẹgbẹ́ abúlé wọ̀nyí dara pọ̀, wọ́n di ìṣọ̀kan ní Ìbàdàn, tí Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san jẹ́ olórí fún, ní 1953 ni báńkì wọn sì dìde, èyí tí a mọ̀ sí Cooperative Bank. Ó yẹ kí a kíyèsí bí àtẹ̀gùn náà ṣe rí. Abúlé ni ó kọ́kọ́ wà, níbi tí olúkúlùkù ti mọ ẹni tí ń dà kòkó tútù mọ́ gbígbẹ. Ìṣọ̀kan tẹ̀ lé e. Báńkì ni ó gbẹ̀yìn. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti kọ́ ilé náà, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ó fi lè gòkè.

Báńkì náà pẹ́ ju ọ̀pọ̀ báńkì ọmọ ìbílẹ̀ ìgbà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà ni ó ń jìnnà sí abúlé. Ní 2004 Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé olú-owó báńkì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ₦25 bílíọ̀nù, nígbà tí ₦2 bílíọ̀nù jẹ́ òdiwọ̀n tẹ́lẹ̀. Báńkì mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún di márùndínlọ́gbọ̀n. Cooperative Bank wọ inú Skye Bank ní 2006, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Ní 2018 a gba ìwé àṣẹ Skye Bank náà, Polaris Bank sì rọ́pò rẹ̀. Owó àwọn oníbàárà kò ṣòfò, a kò sì gbọdọ̀ wí pé àṣẹ náà kò ní ìdí, nítorí pé báńkì aláìlágbára pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí, àgbẹ̀ tí baba rẹ̀ wà lára onílé ti di oníbàárà ní ilé baba rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i jọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àpápá: a san iye rẹ̀, orísun sì lọ. Ní ọdún 2006 kan náà ni ìjọba fi èbúté Àpápá tí a ń fi àpótí irin kó ẹrù sí lé APM Terminals lọ́wọ́, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Maersk ti ilẹ̀ Denmark.

Ayétòrò

A kò lè fi ọ̀rọ̀ mọ sórí owó nìkan. Ní 1947 àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí a ń ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn, tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etí òkun ní ilẹ̀ Oǹdó. Wọ́n pa ohun gbogbo pọ̀. Ẹja tí ẹnì kan pa jẹ́ ti gbogbo ìlú. Kò sí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́. Ìlú ni ó ń bọ́ ènìyàn, òun ni ó ń daṣọ fún un. Láàrin ọdún díẹ̀ wọ́n ti ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ, ti bàtà, ti búrẹ́dì àti ti ọkọ̀ ojú omi, iná mànàmáná sì tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní i.

Ní 1968 ètò náà yí padà, a sì gba olúkúlùkù láyè láti máa ṣòwò tirẹ̀. Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìṣubú. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a bi ara wa bóyá èsúsú ti mọ ohun tí Ayétòrò kò mọ̀. Èsúsú kò gba gbogbo ohun tí ènìyàn ní. Iye tí ó lè dá ni ó gbà, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Ó mọ ọjọ́ tí yóò kó tirẹ̀. Àjọṣe tí ó bá gba ohun gbogbo ń béèrè ìgbàgbọ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìran kan.

Ìdílé Ìlàjẹ pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ní pàtàkì níhà omi. Àwọn tí ó kúrò ní etí òkun wá sí Èkó gbé àṣà àjọṣe wá pẹ̀lú àwọ̀n wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ìgbò ti gbé ìpàdé ìlú wọn wá.

Lẹ́nu Ààlà Lónìí

Ní Ajégúnlẹ̀, alájọ ṣì ń rìn láàrin ìsọ̀ ní ọjà Boundary, ẹgbẹ́ ìlú ṣì ń pàdé ní ọjọ́ ìsinmi, èsúsú ṣì ń kárí láàrin àwọn télọ̀, onígbàjámọ̀ àti aláta. Láti ìgbà tí a ti dá Paradigm Initiative sílẹ̀ ní 2007 lábẹ́ Gbénga Ṣẹ̀san, ètò kan tí wọ́n pè ní Ajegunle.org kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní ìlò kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ òwò, a sì retí pé kí àwọn tí ó kọ́ ọ kọ́ ẹlòmíràn. Ìlànà Agége nìyí ní aṣọ tuntun: kí ẹni tí ó wá gba ìmọ̀ gbé e lọ síbòmíràn. Ní ilẹ̀ Bangladesh, Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin aláìní lówó kékeré ní 1976, ó sì ní kí wọ́n kó ara wọn jọ ní márùn-ún márùn-ún. Ohun tí ayé yìn ín fún, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2006, kò jìnnà sí ohun tí ìyá aláta ní Boundary ti mọ̀.

Kí ni ó wá kù? Ìtàn tí a yẹ̀ wò yìí fi hàn pé ewu wà ní ìhà méjèèjì. Èsúsú pẹ́, ṣùgbọ́n kò tóbi: owó ogún ènìyàn kò lè ra ọkọ̀ akẹ́rù tí ń wọ èbúté, ká má tilẹ̀ sọ ti ilé ìkẹ́rùsí. Báńkì tóbi, ṣùgbọ́n ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Owó ìrànwọ́ tí ó ti òkè òkun wá ń dára nígbà tí ó bá ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ni ó ń ka ìwé ìṣirò rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a fi í ṣe lóore. Ọ̀nà tí Gbedun gbà ni ó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ: kí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ti mọ ara wọn so pọ̀, kí ìṣọ̀kan wọn tóbi tó láti ra ohun tí ń pa owó wọlé, kí olúkúlùkù ẹgbẹ́ sì máa ka ìwé ìṣirò náà sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Apá ìkẹyìn yìí ni a máa ń fojú di, òun gan-an ni ó sì ṣòro jù. Àgbẹ̀ Gbedun mọ iye kòkó tí ó wà nínú àká. Ọmọ rẹ̀ kò mọ iye tí ó wà nínú báńkì.

Iṣẹ́ wà nínú èyí fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣirò owó, kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti òfin tí ó de olùtọ́jú owó jẹ́ ohun tí a lè kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú èsúsú àti káàdì alájọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń yẹ ìwé alájọ wò ní ọmọ ọdún méjìlá yóò lè yẹ ìwé ìṣọ̀kan wò nígbà tí ó bá dàgbà. Olúwa ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù kí a tó gbà pé olórí jẹ́ olùtọ́jú, àti pé àwùjọ ni ó ni ohun ìní. Òfin ti gbà bẹ́ẹ̀ láti 1921. Ọwọ́ àwọn onílé fúnra wọn ni ó kù sí láti máa béèrè ìṣirò lọ́wọ́ olùtọ́jú, ní ìhà méjèèjì ààlà.